Irinṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì nílé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Nínú gbogbo irinṣẹ́ ọkọ̀ tí mo ti fowó rà, kò sí èyí tí mo jèrè ẹ̀ tó sọ́kẹ́ẹ̀tì pulọ́ọ̀gì, ìyẹn irin oníhò tá a fi ń tú pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí fúẹ̀lì nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Àwọn èèyàn máa ń lọ ra set ńlá inú bàágì tó ń dán gbinrin, ìdajì ẹ̀ sì rèé, wọn ò ní fọwọ́ kàn án láéláé. Tó bá jẹ́ pulọ́ọ̀gì Corolla tàbí Camry oní-síléńdà mẹ́rin (síléńdà ni ihò inú ẹ́ńjìnnì tí fúẹ̀lì ti ń jó) lẹ fẹ́ máa pààrọ̀ fúnra yín, ohun tẹ́ ẹ nílò ò tó nǹkan, àmọ́ ìwọ̀nba yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mẹkáníìkì kan bá a fi pulọ́ọ̀gì tuntun sí i, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó lò ò ní rọ́bà nínú, bó ṣe ń dì í ló dagun, tánganran funfun ara pulọ́ọ̀gì bá sán fẹ́ẹ́rẹ́. Irú sísán yẹn, ojú ò tètè rí i, àmọ́ ibẹ̀ ni iná á máa gbà sá lọ sára irin, kò ní ṣáná nínú síléńdà bó ṣe yẹ mọ́. Ọkọ̀ wá ń jẹ́ẹ̀kì tó bá ti ń gun òkè, wọ́n ní kọ́ìlì tó ń fún pulọ́ọ̀gì níná ni, ẹ̀gbọ́n mi ra kọ́ìlì, ó tún ń jẹ́ẹ̀kì, wọ́n ní fúẹ̀lì pọ́ǹpù ni. Ẹ ò rí nǹkan! Ìgbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo pulọ́ọ̀gì yẹn dáadáa ni mo rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lára tánganran ẹ̀.

Ẹ wo sáìsì kẹ́ ẹ tó náwó. Ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tó wà nígboro wa yìí, 16 mílímítà ni wọ́n ń lò, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan àti ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ń lo 21, àwọn ọkọ̀ tuntun mìíràn sì wà tó jẹ́ 14, sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn gbọ́dọ̀ tín-ín-rín lára kó tó lè wọ inú ihò ẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní apá Taiwo ní Ìlọrin sọ fún mi pé, "Alfa, ẹ mú eléyìí, gbogbo ọkọ̀ ló máa wọ̀." Mo ní kó fi pamọ́, irọ́ ni, kò sí ẹyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń wọ gbogbo pulọ́ọ̀gì. Kẹ́ ẹ rí i pé rọ́bà wà nínú ẹ̀ tàbí mágínẹ́ẹ̀tì, òun ló máa di pulọ́ọ̀gì mú kó má já bọ́ sínú ihò. Tókúnbọ̀ tí wọ́n kọ Chrome Vanadium sí lára wù mí ju tuntun aláràbarà lọ. Ẹ wá fi extension gígùn díẹ̀ (ọ̀pá tó ń mú sọ́kẹ́ẹ̀tì gùn) kún un torí ihò yẹn jìn, pẹ̀lú ratchet kékeré oní 3/8 íǹṣì, ìyẹn ọwọ́ irin tẹ́ ẹ máa fi yí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ratchet 1/2 ọlọ́wọ́ gígùn yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún nọ́ọ̀tì táyà, agbára ẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ ò ní mọ ìgbà tẹ́ ẹ ti pa téèdì, ìyẹn ìlà yíyípo tí pulọ́ọ̀gì fi ń wọlé.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá o, àárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ tó jáde ló dáa jù, torí álúmíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, téèdì ẹ̀ tètè máa ń bàjẹ́ tó bá gbóná. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, bóòtù 10 mílímítà ló dì í mú. Tẹ́ ẹ bá yọ kọ́ìlì, ẹ má tíì tú pulọ́ọ̀gì, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku inú ihò yẹn jáde, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku Ìlọrin máa ń wọ ibi gbogbo. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ máa ṣe é. Ọ̀dà ara ọkọ̀ kọ́ ni yanrìn yẹn máa bàjẹ́ o, inú síléńdà ló ń já sí, á sì máa ha á.

Tí pulọ́ọ̀gì bá le, ẹ tú u díẹ̀, ẹ dì í padà díẹ̀, ẹ tún tú u, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣe é lọ.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i. Ẹ má lo ratchet rárá níbẹ̀rẹ̀. Ẹ gé rọ́bà fúẹ̀lì kékeré kan, ẹ fi bọ orí pulọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí i. Ẹ kọ́kọ́ yí i sápá òsì jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́", ìgbà yẹn ni téèdì bára mu, kẹ́ ẹ wá yí i sápá ọ̀tún. Tí ò bá wọ̀ dáadáa, rọ́bà yẹn á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni, kò lágbára láti ba nǹkan jẹ́. Ratchet ò ní dá yín sí bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pa téèdì, tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) ló kù tẹ́ ẹ máa gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ bá, owó ẹ̀ á ta yín lára. Tó bá ti wọlé tán tó dúró, tó jẹ́ tuntun tó ní wọ́ṣà, ìdajì yíyí sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló kù, ó tán. Ẹ má fi gíríìsì sí téèdì ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kéèyàn dì í jù láìmọ̀.

Ti ayédèrú ńkọ́? Pulọ́ọ̀gì tí wọ́n fi irin tó ń jẹ́ iridium gidi ṣe ẹnu ẹ̀, irin àárín ẹnu ẹ̀ tín-ín-rín gan-an, kò tó mílímítà kan, ti nickel lásán tó nǹkan bíi 2.5. Tí páálí bá ní iridium tẹ́ ẹ wá rí ẹnu tó sanra, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Àti pé ẹ má fi sánpépà ha iridium, ẹ̀ ń fowó ṣòfò ni. Nọ́ńbà 11 tó wà lẹ́yìn kóòdù ọ̀pọ̀ pulọ́ọ̀gì Denso àti NGK túmọ̀ sí pé àlàfo ẹnu ẹ̀ jẹ́ 1.1 mílímítà, ẹ fi feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tá a fi ń wọn àlàfo) wò ó jẹ́jẹ́.

Àwọn àtijọ́ tẹ́ ẹ yọ, ẹ tò wọ́n sórí bébà bí síléńdà ṣe tẹ̀ léra. Àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ó dáa. Dúdú gbígbẹ, fúẹ̀lì ń pọ̀ jù. Tí ọ́ìlì bá wà lára tánganran lókè, síìlì ihò pulọ́ọ̀gì ló ń jò, tó bá wà lẹ́nu ẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Sienna àti àwọn V6 (oní-síléńdà mẹ́fà) kan bíi tiẹ̀, mẹ́ta iwájú lẹ lè ṣe fúnra yín, àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn ń bẹ lábẹ́ intake, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó di kí wọ́n tú u kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ gbé ìyẹn fún mẹkáníìkì, àmọ́ ẹ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì tiyín dání, kẹ́ ẹ sì dúró tì í.