Igbe tèmi ló wà nínú fóònù wọn

Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ òsì ṣì wà nínú POP, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, dókítà sì ní ó tún ku mẹ́ta. Bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ bá mi gbójú fò ó. Mo fẹ́ tètè sọ bí ọwọ́ yìí ṣe kán nínú igbó ni, torí bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ kiri níbi iṣẹ́ wa kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Amẹ́ríkà bíi tèmi, ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ooru bá ti dé, àwọn ará ibi iṣẹ́ á ní ẹ jẹ́ ká lọ pàgọ́ sínú igbó. Ẹni tó ní ilé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ń san owó iná, á di ẹrù lọ sùn lórí ilẹ̀, á sì máa pè é ní ìgbádùn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wá àwáwí. Lọ́dún yìí, ẹnu mi ló kó bá mi. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò rò pé irú mi lè sun inú igbó mọ́jú. Mo ní, "Èmi? Ọmọ Oǹdó? Inú abà oko kòkó ni mo ti gbọ́n!"

Irọ́ kọ́ o. Gbogbo ìgbà tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, oko Ìyá àgbà ni wọ́n ń kó wa lọ. Tí ilẹ̀ bá ṣú níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ òfàfà, ẹranko kékeré tó ń gbé orí igi. Ẹni tí kò bá gbọ́ òfàfà rí kò tíì mọ ohun tí òru ń jẹ́. Á kọ́kọ́ gbó díẹ̀, bí ajá tí eegun há lọ́fun, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, á máa le sí i títí gbogbo igbó á fi máa dún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo tọ̀ sára. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ dìde. Ó ní, "Òfàfà ni. Ohùn ló fi ń ṣakọ, kò ju ehoro lọ." Ó yí padà, ó ń hanrun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹ̀rù igbó ò lè bà mí mọ́.

Igbó tí a lọ ni Gifford Pinchot, ní ìpínlẹ̀ Washington, lápá ibi tí òkè Mount St. Helens wà, òkè tó bú gbàmù lọ́dún 1980. Àwa márùn-ún ni, nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹ fi oṣù yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀. A dáná, a sun ẹran, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí àgbà inú wọn bẹ̀rẹ̀ ìtàn Bigfoot, Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá, ẹ̀dá onírun tó ń rìn bí ènìyàn. Ó ní agbègbè yẹn gan-an ni àwọn awakùsà kan ti sọ lọ́dún 1924 pé àwọn nǹkan bí ìnàkí fi òkúta lu ahéré àwọn mọ́jú. Wọ́n ti sọ ibẹ̀ ní Ape Canyon, Àfonífojì Ìnàkí, láti ìgbà náà. Ó sọ ti fíìmù tí Patterson àti Gimlin yà ní California lọ́dún 1967. Ó ní Bigfoot a máa fi igi lu igi lóru, kọ́, kọ́, láti fi pe ara wọn.

Mo ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wá kan ti òfin ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ó ní ní 1969, ìjọba ìbílẹ̀ Skamania, tó wà níbẹ̀ gan-an, ṣòfin pé ẹni tó bá pa Bigfoot lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura, tàbí kó san 10,000 dọ́là. Mo wá a lórí fóònù kí nẹ́tíwọ̀kì tó lọ, òótọ́ ni. Mo bi ara mi pé, ìjọba wo ló ń ṣòfin lórí ohun tí kò sí? Ẹ̀yìn tí ọwọ́ mi ti kán ni mo tó kà á dáadáa pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ni wọ́n ṣòfin ọ̀hún, ọjọ́ tí wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ.

Bíi aago méjì òru ni mo gbọ́ igi. Kọ́. Kọ́. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka kan ya, gbààà, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìbínú fà á ya. Mo jókòó nínú òkùnkùn. Mo ní bóyá ọ̀kan nínú wọn ló lọ tọ̀. Mo fẹ́ pè é, mo sì rántí pé a kì í pe orúkọ lóru.

Igbe yẹn wá dé. Báwo ni kí n ṣe júwe rẹ̀ fún yín? Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń fọn ìwo, ó gòkè, ó gòkè, ó di ohùn fèrè, ó di igbe obìnrin tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró sókè níbẹ̀ fún ìgbà tí mo lè fi ka "Ẹni tí ó jókòó níbi ìkọ̀kọ̀ Ọ̀gá Ògo," ó wá jábọ́, ó ń kùn: hùn, hùn, hùn. Ohun tó ń kùn yẹn ní àyà. Àyà ńlá. Mo gbọ́ ọ lára ilẹ̀ tí mo jókòó lé. Irun orí mi dìde, àwọn tí mo rò pé ó ti pá pàápàá dìde.

Mo fọwọ́ wá tọ́ọ̀ṣì, mi ò rí i. Mo fọwọ́ wá bàtà, ìta ni mo bọ́ ọ sí, nítorí wọ́n ní ẹrẹ̀ á ba àgọ́ jẹ́. Fóònù wà lábẹ́ orí mi. Ó wà níbẹ̀! Tí mo bá rántí èyí báyìí, ó dùn mí ju ọwọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lórí igi, lókè mi gan-an. Ẹ̀rín ọ̀bọ. Ẹni méjì ni, ọ̀kan ń hó, èkejì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, hùú-hùú-há-há, bí ìgbà tí agbo ọ̀bọ bá ja ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé kò sí ọ̀bọ nínú igbó Washington. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, mo sì rí ara mi pé èmi ni ọmọ náà, nílẹ̀ àjèjì, tí ìyá mi ò mọ ibi tí mo sùn.

Mo sá.

Síìpù àgọ́ há. Mi ò dúró tú u, mo fi orí ya á, àgọ́ náà sì bá mi lọ. Ẹ fojú inú wò ó: àgbàlagbà, pátá nìkan lára, ẹsẹ̀ lásán, àgọ́ aláwọ̀ búlúù lọ́rùn bí ẹ̀kú egúngún, ó ń sáré wọ inú igbó tí kò mọ̀, kì í ṣe síbi mọ́tò. Mo sáré títí ilẹ̀ fi tán lábẹ́ mi. Ojú odò gbígbẹ ni, òkúta ló kún ibẹ̀. Mo gbọ́ ọwọ́ mi nígbà tó kán. Ó dún kọ́, gẹ́gẹ́ bí igi yẹn. Mo wá lọgun: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mo kú o! Ó ti mú mi o!" Mi ò mọ ẹni tí mo ń sọ fún ní Yorùbá níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Igbe tèmi ló jí wọn, wọ́n ní àwọn rò pé Bigfoot ni. Ọ̀kan nínú wọn tan fóònù, ó ń ya fídíò lọ síbi tí ohùn ti ń bọ̀, inú rẹ̀ ń dùn pé òun á lókìkí. Èmi ló bá. Fídíò náà tó ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo ilé ìkẹ́rùsí tí a ti ń ṣiṣẹ́ ló ti wò ó. Àwọn kan ti fi "mo kú o" ṣe orin tí wọ́n ń kọ ní ìsinmi ọ̀sán.

Wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n to ọwọ́, mo délé, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló wà lókè: bí ẹ bá gbọ́ ohùn tí ẹ ò mọ̀ lóru, ẹ tẹ fóònù, kó gbà á sílẹ̀. Kó tó di àdúrà. Àbí kí ẹ máa ṣe méjèèjì pọ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà, kí ẹnì kan má yí ọ̀rọ̀ mi po. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ fídíò ìtìjú yẹn. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Merlin, ọ̀fẹ́ ni, àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní yunifásítì Cornell ló ṣe é. Bí mo ṣe ń ké nínú fídíò, ẹ̀rín ọ̀bọ yẹn ń lọ lẹ́yìn, áàpù náà sì kọ ọ́ jáde: Barred Owl. Òwìwí! Akọ àti abo ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo wá kà á pé àjèjì ni òwìwí yẹn náà níbẹ̀, ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ọ̀rúndún tó kọjá ló ṣí dé ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń lé òwìwí onílé kúrò. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yìnbọn pa wọ́n, ó lè tó 450,000 láàárín ọgbọ̀n ọdún. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Èmi náà ṣáà ṣí wá ni.

Igbe àkọ́kọ́ ńkọ́, èyí tó ní àyà? Kò sí nínú fídíò kankan. Aṣọ́gbó tó wá wò mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí ní kí n fara wé e, mo fara wé e pẹ̀lú ọwọ́ kíkán, ó ní elk ni, àgbọ̀nrín ńlá ilẹ̀ wọn, tí akọ rẹ̀ lè wúwo tó 400 kílò. Oṣù kẹsàn-án ni akọ máa ń wá abo, igbe bẹ́ẹ̀ ló sì fi ń pè é. Á máa fi ìwo lu igi, á máa ya ẹ̀ka. Mo ti gbọ́ ohùn elk lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà ogún, mo gbà pé òun ni. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n àgbà yẹn ní Bigfoot ni, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn, torí mi ò gbà á sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ní 1976, wọ́n fi irun tí wọ́n ní ti Bigfoot ni ránṣẹ́ sí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, irun ẹbí àgbọ̀nrín ló já sí. Ó ní irun yẹn ni, kì í ṣe ohùn. Ẹ rí i?

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí ẹ má sá. Òwìwí ò fọwọ́ kàn mí. Elk ò fọwọ́ kàn mí. Èmi ni mo dá ara mi lọ́wọ́. Béárì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ológbò ńlá tí wọ́n ń pè ní cougar wà níbẹ̀, sísá gan-an ló sì ń mú kí irú ológbò bẹ́ẹ̀ lé ènìyàn. Kí tọ́ọ̀ṣì àti bàtà wà nínú àgọ́, ẹ má dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ lóhùn. Tí ẹ bá sì jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ yín á wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti tẹ fóònù. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Àwọn kan ní ojo ni mí. Kí wọ́n lọ sùn níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ná.

Lóru tí ọwọ́ ò jẹ́ kí n sùn, mo wá ìròyìn òfàfà wa kiri. Ṣé ẹ mọ̀ pé ní 2021 ni àwọn onímọ̀ kéde pé òfàfà tó wà láàárín Odò Ọya àti Odò Volta, ìyẹn tiwa, yàtọ̀ sí àwọn tó kù? Tiwa ń gbó, àwọn yòókù ń han. Ohùn tó lé ní 400 ni wọ́n gbà sílẹ̀ nínú igbó lóru kí wọ́n tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ti gbọ́ ju 400 lọ, ìdí nìyẹn tó fi lè yí padà sùn. Èmi rò pé nítorí mo mọ òfàfà, mo mọ igbó. Òfàfà nìkan ni mo mọ̀.

Lánàá, mo pe Màmá mi ní Oǹdó, mo fi ohùn elk náà sí i létí. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó ní, "Báwo ló ṣe tóbi tó?" Mo ní ó tó mààlúù. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń jẹ ẹ́?" Mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́, Màmá, wọ́n tiẹ̀ ń gba ìwé àṣẹ láti dọdẹ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹran tó tó yẹn, o sì ń sá fún un."