Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà?

Tí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, àwọn àbúrò wa tó wà ní Maryland níbí, àtàwọn kan láti Texas, á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tètè fi fọ́ọ̀mù mi ránṣẹ́ ni, àbí kí n ṣì ní sùúrù?" Mo mọ ohun tó ń lé wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà kì í dúró kí gbèdéke pé kí wọ́n tó máa mú èèyàn. Nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn, bí fọ́ọ̀mù bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì ti fún àwọn kan láyè kí ọdún tó parí. Tó bá fi máa di oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, àyè ti ń há, owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà sì ti ń tán lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tí wọ́n bá bi fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yára.

Ìmọ̀ràn yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ wa sí gbèsè. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé fọ́ọ̀mù tó gún régé tó wọlé lóṣù Kọkànlá sàn ju èyí tó wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú máàkì tí kò dáa tó. Tí máàkì tí ẹni gbà nínú LSAT, ìdánwò àbáwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin, kò bá sì tíì dé ibi tí agbára rẹ̀ lè gbé e dé, kó jẹ́ kí ọdún yẹn kọjá, kó dúró de èyí tó ń bọ̀. Owó téèyàn bá yá fún ọdún mẹ́ta tó fi kọ́ òfin lè máa bá a yí fún ogún ọdún. Ọdún kan tó fi dúró kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ dúró, pàápàá fún àwa tá a gba dìgírì àkọ́kọ́ nílé ní Nàìjíríà: transcript, ìyẹn ìwé tí yunifásítì kọ gbogbo máàkì ẹni sí.

LSAC ni àjọ tó ń ṣe ìdánwò LSAT. Àwọn náà ló ń kó gbogbo ìwé ẹni jọ sójú kan kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ téèyàn bá yàn. Wọn kì í gba transcript lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù tí LSAC fi ń béèrè fún un sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Tó bá débẹ̀, wọ́n á tún gbé e fún AACRAO, àwọn tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, ìyẹn náà á sì gba àkókò tirẹ̀.

Ní tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó pè mí látibẹ̀ lórí WhatsApp, ó gbé fóònù fún màmá tó wà nídìí tábìlì. Mo kí wọn dáadáa, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé WES ni?" Mo ní, "Rárá mà, LSAC ni." Wọ́n ní, "Ibi tí àwọn tó ń lọ Kánádà máa ń ní ká fi ránṣẹ́ sí kọ́ nìyẹn?" Mo tún ṣàlàyé. Wọ́n ní ó ti yé àwọn, pé ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i ló lọ sí Abùjá, kí ẹ̀gbọ́n mi padà wá lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ti dé, iná ni kò sí. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo nǹkan wá dúró sójú kan. Inú bí mi gan-an, àmọ́ mi ò dá màmá yẹn lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù rẹ̀ hàn mí bí yàrá yẹn ṣe rí: fáìlì ni látilẹ̀ dé òkè àjà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń wá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, òun ló jẹ́ kí ìwé náà débi tó ń lọ kí oṣù Kẹwàá tó parí. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kẹjọ kó tó rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀, transcript ló máa bá a yan ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ máa wọlé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà ńbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ká sọ pé ẹnì kan ń jẹ́ Oluwaseun lórí transcript, Seun lórí sátífíkéètì WAEC, tí orúkọ ọkọ rẹ̀ sì wà lórí green card. Nílé, gbogbo wa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà LSAC ò mọ̀. Àyè wà lórí àkáǹtì wọn téèyàn ti lè kọ àwọn orúkọ tó ti jẹ́ rí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí àkáǹtì náà. Ẹni tó bá sì ti yí orúkọ padà nílé, kó wá ìwé ìbúra tó ṣe ní kóòtù àti ojú ìwé ìròyìn tí wọ́n gbé e sí, kó tọ́jú wọn. Wọ́n á tún béèrè nípa orúkọ yìí nígbà téèyàn bá fẹ́ di lọ́yà níkẹyìn, ohun téèyàn kọ sínú fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá kọ fún wọn nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ LSAT tó bẹ́ẹ̀. LSAC kì í sọ máàkì yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè di GPA, ìyẹn nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kó gbogbo máàkì ẹni ní yunifásítì pọ̀ níbí. Wọ́n kàn máa ń sọ bóyá èsì ẹni ta yọ, tàbí ó ju ti àwọn tó kù lọ díẹ̀, tàbí ó wà láàárín, tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. First class tí ẹ kò sùn torí rẹ̀ nílé, ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn. Ẹni tó kàwé níbí ní GPA, ó sì ní LSAT. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ tiwa, láti 120 dé 180. Tí nọ́ńbà yẹn bá ju èyí tó wà láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ, wọ́n á fẹ́ ẹ yín, wọ́n á sì gbé owó kalẹ̀. ABA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa gbé ìwé kan jáde lọ́dọọdún. 509 ni wọ́n ń pè é. Máàkì àárín wà ńbẹ̀, iye èèyàn tí wọ́n gbà wà ńbẹ̀, iye tí wọ́n fún lẹ́kọ̀ọ́-ọ̀fẹ́ àti iye owó tí wọ́n fún wọn wà ńbẹ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó yan ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ fi orúkọ ńlá sílẹ̀ ná.

Ìdánwò náà ti yàtọ̀. Láti oṣù Kẹjọ 2024 ni wọ́n ti yọ apá tí wọ́n ń pè ní logic games kúrò. Apá méjì tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń gbé àríyànjiyàn yẹ̀ wò àti apá kan tó dá lórí ìwé kíkà ni wọ́n ń gba máàkì lé báyìí. Nítorí náà, ìwé àtijọ́ tí ẹnì kan bá gbé fún yín, ẹ yẹ ọdún tó wà lára rẹ̀ wò. Ẹ má sì gbàgbé apá tí wọ́n ti ń kọ àròkọ: wọn kì í gbé èsì ìdánwò àkọ́kọ́ jáde fẹ́ni tí kò bá tíì ṣe é. Ìgbà méje péré lèèyàn lè ṣe LSAT láyé rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun téèyàn ń lọ gbìyànjú wò.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì máa ń gbà. Ẹni tó bá ṣe ti oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án tí máàkì rẹ̀ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lóṣù Kẹwàá. Ẹni tó ṣe ti oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ṣì wà lára àwọn tó tètè dé. Àwọn kan máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ṣì máa tún ìdánwò ṣe lóṣù Kọkànlá. Ilé-ẹ̀kọ́ á kàn gbé fáìlì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí èsì yẹn fi máa dé. Wọn ò tètè dé ibì kankan nìyẹn. Ti oṣù Kìn-ín-ní ló máa ń kọ mí lóminú. Ẹni tó bá ku máàkì díẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí èsì ìdánwò tó fi ń dánra wò nílé ṣì ń sọ fún un pé òun lè fi oṣù mẹ́fà gun òkè sí i, kó dúró. Nọ́ọ̀sì kan ní Bowie níbí ṣe bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ méjì ló ní, àwọn òbí rẹ̀ sì ń pè é ní gbogbo ìgbà pé, "Ṣé wọn ò tíì mú ẹ ni?" Ó fara dà á. Nígbà tó tún fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́dún kejì, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ní kó lọ dúró sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ló wá gbà á, wọ́n sì dá èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó ilé-ìwé sí fún un. Àwọn tó ń kọ́ òfin nírọ̀lẹ́ ló bá wọlé, torí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Georgetown ní irú ètò bẹ́ẹ̀, University of Baltimore náà ní, ó sì yẹ kí àwọn èèyàn wa máa béèrè nípa rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní early decision. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé yẹn, tí wọ́n bá ti gbà á, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ, kò sì ní lè fi owó tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn gbé kalẹ̀ bá wọn dúnàádúrà mọ́.

Lẹ́tà àwọn olùkọ́ wa nílé nìkan ni mo tún fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ ni pé ọmọ dáadáa ni, ó níwà pẹ̀lẹ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ohun táwọn ará ibí ń wá ni bí ọmọ náà ṣe ń ronú àti bó ṣe ń kọ̀wé. Ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún wọn nígbà yẹn ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa tọ́ka sí. Kí ẹ sì pè wọ́n, kí ẹ kí wọn tilé-tọ̀nà, kí líǹkì LSAC tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ṣàdédé rí irú líǹkì bẹ́ẹ̀ nínú ímeèlì rẹ̀ á rò pé àwọn gbájú-ẹ̀ ni. Lẹ́tà pásítọ̀ tàbí ti ààfáà kò lè dípò ti olùkọ́ tàbí ti ọ̀gá níbi iṣẹ́.

Owó ló jẹ́ kí n máa pariwo lé gbogbo èyí. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 4 oṣù Keje 2025 ti ti ìlẹ̀kùn Grad PLUS, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn tó ń kàwé lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, mọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yáwó láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2026. Èyí tó pọ̀ jù tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè yá lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ báyìí ni $50,000 lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju $200,000 lọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí owó wọn pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ ju ìyẹn lọ dáadáa. Báńkì lèèyàn máa lọ bá fún èyí tó kù, báńkì á sì ní kó wá onídùúró. Àwọn tó wà lórí físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè, ò tiẹ̀ lè yá ti ìjọba rárá. Nítorí náà, máàkì tó bá mú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wá ti wúlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà ní àdéhùn nínú. Àwọn kan máa ń gbà á padà tí máàkì ọdún kìíní ò bá dé ibi tí wọ́n ní kó dé. Iye ẹni tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wọn tàbí tí wọ́n dín tiwọn kù wà nínú 509 yẹn. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá sì pọ̀, tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ní green card, kó bẹ LSAC pé kí wọ́n yọ̀ǹda owó ìdánwò fún un kó tó san ohunkóhun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di lọ́yà nílé, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe LL.B. ọdún márùn-ún tí ẹ sì ti lọ sí Nigerian Law School, ẹ má sáré gba fọ́ọ̀mù JD, dìgírì òfin ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe níbí. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé yín ránṣẹ́ sí New York State Board of Law Examiners kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ òfin 520.6. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ṣe ìdánwò bar, èyí téèyàn ń ṣe kó tó di lọ́yà, níbẹ̀ láìtún padà sí kíláàsì, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe LL.M., dìgírì kejì nínú òfin, fún ọdún kan. Ìyẹn náà nílò transcript láti ilé.

Nígbà tí ìdáhùn bá wá ń wọlé, láti oṣù Kejìlá lọ, ẹ má tètè san àsansílẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ pè yín. Ọ̀pọ̀ wọn, oṣù Kẹrin ni wọ́n máa ń fẹ́ gba owó yẹn. Ẹ kọ lẹ́tà tó bọ̀wọ̀ fúnni sí ilé-ẹ̀kọ́ tó wù yín jù, ẹ fi ìwé owó tí èkejì gbé kalẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè fi kún tiwọn. Tí gbèdéke àsansílẹ̀ bá ti sún mọ́lé tí wọn ò tíì dáhùn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.