Wọn ò fún Màámi ní abẹ́rẹ́ lónìí

Inú ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́ la wà báyìí, Ṣàgámù la ti ń bọ̀. Wọn ò fún Màámi ní Herceptin lónìí. Àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ṣe fi hàn pé ọkàn wọn ò ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara dáadáa mọ́. Dókítà ní oògùn jẹjẹrẹ ọmú yẹn lè fà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn wò ní bíi oṣù 3-3. Tí wọ́n bá dá oògùn náà dúró, ọkàn sábà máa ń padà bọ̀ sípò.

Èmi ti ń wo ẹsẹ̀ wọn láàárọ̀: okùn sálúbàtà wọnú ẹran, ojú ibẹ̀ jìn kòtò. "Ìjókòó ọkọ̀ ni." Màámi àti àwáwí! Wọn ò sì lè sùn gbalaja mọ́, àfi kí wọ́n to ìrọ̀rí léra. Àṣé ọ̀rọ̀ ọkàn yìí ni.

Ẹ̀yin tí èèyàn yín ń gba abẹ́rẹ́ yìí, ṣé ẹsẹ̀ tiwọn náà wú? Ṣé wọ́n padà gbà á?