Ìwé owó iná Ìyá Ṣakí

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Láti ọjọ́ Ajé ni Ìyá Ṣakí ti lọ síbi òkú nílé wọn, èmi ni wọ́n sì gbé ìwé owó iná fún. "Ìwọ ni n ó fún, o ò ní ṣe mí báṣubàṣu." Mo dọ̀bálẹ̀ gbà á. Ara mi ò balẹ̀.

Yàrá mẹ́jọ ni wá nínú ilé yìí n'Íbàdàn, mítà kan ṣoṣo ló ń bọ́ wa. Ìyá Ṣakí ló ń gba owó, tí wọ́n ń ra iná. Ọ̀sẹ̀ tí mo kó dé ni ará ilé kan ti fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ẹ ṣọ́ra fún ìyá yẹn o. Owó iná wa ni wọ́n fi ń kọ́lé ní Ṣakí." Mo gbà á gbọ́. Kí lẹ̀rí mi? Pé wọn kì í rẹ́rìn-ín, pé iná tí a bá rà kì í pẹ́ tán.

Mo tiẹ̀ sọ ọ́ síta. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta ló ń ròyìn ẹ̀ fún mi bí ọ̀rọ̀ tuntun. Ilé Ṣakí ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lẹ́nu mi ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo kàn ń mi orí.

Lónìí, mo ra ti ₦10,000, mo tẹ nọ́ńbà 20 yẹn sínú mítà. Yúníìtì tó wọlé kò pé 45. Mo rò pé mo ṣì í tẹ̀ ni. Mo wá ṣí ìwé sẹ́yìn: ní oṣù kẹta 2024, kí owó yúníìtì àwa Band A, àwa tí wọ́n ní iná wa ń pẹ́ jù lójúmọ́, tó fò láti ₦68 sí ₦225 lóṣù kẹrin, owó kan náà ń ra ju 130 lọ. Báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Níwájú yàrá tí kò bá san, wọ́n á kọ "mo fi kún un": 2,000. 1,500. 800. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá yàrá tèmi níbẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, wọ́n ní àgbà òṣìkà ni. Èmi tí n kò gbọ́ ẹjọ́ rárá ńkọ́?

Wọ́n le o, n kò ní parọ́. Ọmọ tó bá gbàgbé iná balùwẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.

Sátidé ni wọ́n ń dé. Mo ti fi 1,500 àti 800 tèmi sáàárín ìwé náà. Ó ku ti oníṣẹ́ fóònù. Mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́, èrò pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo kí i, mo kọjá.