Iyán Aago Méjì Òru

"Kì í ṣe olè o, èmi ni!" Ohun tí mò ń pariwo rèé ní ẹ̀yìnkùlé ilé mi ní Adó-Èkìtì, ní aago méjì òru, pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́ àti ṣòkòtò péńpé nídìí.

Ilé ìwòsàn lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gún ọmọ ìka mi láàárọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá gbé 118 jáde. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà, ó dìgbà tó bá dé 126 lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dé 100 rárá. Ó wá bi mí pé kí ni mo máa ń jẹ lálẹ́. Mo ní iyán. Ó ní láàárọ̀ ńkọ́? Mo ní iyán àná. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ kì í jẹ nǹkan mìíràn ni?"

Mo ní mo máa ń jẹ iṣu sísè, tí mo bá ń dúró de iyán.

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní bí a ṣe ń gún iṣu yẹn kì í jẹ́ kó pẹ́ nínú kó tó di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti pé ẹ̀fọ́ ni kó máa gba ìdajì àwo mi, kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí òkèlè gba ìyókù, ìwọ̀n ìkúùkù kan péré. Kí n sì máa rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tó dárúkọ ìkúùkù. Bíríkìlà ni mí, ìkúùkù mi tó orí ọmọ ọdún kan.

Ìyá Ìbejì ló bà á jẹ́, torí ó jókòó tì mí, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹlẹ́rìndòdò ti kúrò nínú fíríìjì, kò sì sí olóúnjẹ láti Ìjìgbò dé Òkè-Ìlá tí kò tíì kìlọ̀ fún nípa mi. Àmàlà àgbagbà ló gbé wá síwájú mi. Mo ní kí lèyí? Ó ní ṣebí èmi náà ni mo máa ń pa á lówe pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn.

"Oògùn yín rèé, Bàbá Ìbejì."

Mo lo oògùn yẹn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá, ìyá ìyàwó mi ti Ìjerò dé pẹ̀lú iṣu márùn-ún. Ẹ dákun, ta ló ń gbé irú iṣu bẹ́ẹ̀ wọ ilé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu?

Mi ò lè sùn. Mo dìde, mo se ọ̀kan lórí gáàsì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ariwo odó ni wàhálà, torí kò sí ọmọ Èkìtì tí ariwo odó kì í jí. Mo bá gbé odó lé orí fóòmù àtijọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ọgbọ́n ńlá ni mo pè é. Àṣé fóòmù ò pa ariwo, ńṣe ló yí ohùn rẹ̀ padà: gbììì, gbììì, bí ìgbà tí èèyàn ń fi òòlù wó ògiri.

Màmá wà lórí àdúrà òru. Ó figbe ta pé wọ́n ti ń dá ògiri lu o. Ọdẹ àdúgbò fọn fèrè. Kí n tó rójú wo ọ̀tún wòsì, tọ́ọ̀ṣì mẹ́fà ti tàn sí mi lójú, iyán sì ń rú èéfín nínú odó.

Ìyàwó mi wò mí, ó wo odó, kò sọ nǹkan kan. Màmá ló bọ ìka sí i, ó tọ́ ọ wò.

"Àna mi, ṣé uyán lẹ gún àbí búlọ́ọ̀kù?"

Ojú tì mí ju ti olè lọ. Ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, ó wẹ kókó rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ní ẹni tó sáré wá gbèjà wa ò gbọdọ̀ padà lófìfo. Lándílọ́ọ̀dù jẹ, ìyàwó rẹ̀ jẹ, ọdẹ jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó kàn mí, Ìyá Ìbejì di ọwọ́ tirẹ̀, ọwọ́ tíṣà tí kò gbé ju ṣọ́ọ̀kì lọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán, ó gé e ṣe déédéé, ó wá da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bò ó títí n ò fi rí i mọ́. Mo ní ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹun ni nọ́ọ̀sì ń wí. Ó ní nọ́ọ̀sì ò dárúkọ ẹnì kankan.

Mi ò tíì fọ ọwọ́ tán tó fi ní kí n bá ọdẹ yí àdúgbò ká, pé kí n rìn kí oúnjẹ lè dà. Ọdẹ ń gùnfẹ̀ iyán mi níwájú, èmi ń gbé tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e.