Mo lọ wo lẹ́tà Àjàyí Crowther ní Birmingham

Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Birmingham bí ẹ bá ní àdéhùn àárọ̀. Èmi wọ̀ ọ́ láti Victoria ní London torí owó rẹ̀ kò tó ti rélùwéè. Orí títì márosẹ̀ M40 la wà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Dírẹ́bà páàkì sẹ́bàá títì, ó ní ká ṣe sùúrù, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Ọkọ̀ wo? A jókòó títí ara fi ń ta wá, kò sẹ́ni tó fi omi lọ̀ wá. Ká ní màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni, wọ́n á ti gbé Gala àti omi tútù dé kí dírẹ́bà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Màmá Ìjẹ̀bú kan tó jókòó lẹ́yìn mi ló ṣí kúlà rẹ̀, ó na puff-puff sí mi. "Ọmọ mi, gbà, fi panu." Mo dúpẹ́. Ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ, mo ní lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni mo fẹ́ lọ wò. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Lẹ́tà òkú? O ò níṣẹ́ ni?"

Oòrùn ti kan àtàrí kí n tó dé Cadbury Research Library ní Yunifásítì Birmingham, níbi tí àkójọ ìwé Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tí Crowther bá ṣiṣẹ́, wà. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, àmọ́ wọn ò tilẹ̀ bi mí ìdí tí mo fi pẹ́. Àpótí tí mo ti kọ̀wé béèrè ti wà nílẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Bírò nìkan ni wọn ò fẹ́ rí. Ẹ mú pẹ́ńsù tiyín lọ o, èyí tí wọ́n yá mi kúrú bí orín tí wọ́n ti rin kù.

Ohun tí Crowther kọ ní 21 Oṣù Kẹjọ 1846 ni mo bá lọ. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó bá ara rẹ̀ ní Freetown, ní Sierra Leone. Láti ìgbà náà kò fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlà, àfi lọ́jọ́ yìí, ní Abẹ́òkúta, tí ìyá àti ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin wá a wá. Ó ní àwọn di ara àwọn mú, ọ̀rọ̀ ò jáde, omijé ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti rù. Ìyá ń pè é ní orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi kẹ́ ẹ, ìyá àgbà tó ti kú sóko ẹrú. Mo ń wá ibi tí ọwọ́ Crowther ti gbọ̀n nínú ìlà wọ̀nyẹn, n ò rí i. Ó gún régé. Gbogbo ìbínú bọ́ọ̀sì ti fò lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah.

N ò tíì dórí èyí tó kọ lẹ́yìn tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 tí ilẹ̀kùn fi fẹ́ tì. Bí ẹ bá ń kọ̀wé béèrè àpótí, CA2 ni àmì ti ilẹ̀ Yorùbá, CA3 ni ti odò Ọya. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí wọ́n má baà gbé ti ibòmíràn síwájú yín.