Àtẹ tí mo rí lórí fóònù ló kó mi sí wàhálà ataare

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ ataare. Mo rí àtẹ kan lórí fóònù tí wọ́n to gbogbo èròjà inú ataare sí, purotéènì rèé, ayọ́ọ̀nù rèé, antioxidant kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ni mo bá sáré lọ sọ́jà lọ ra lílọ̀ inú ike, ló bá di ṣíbí kan nínú omi gbígbóná láràárọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan kan. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ikùn ń jó mi bí ẹni gbé ẹyin iná mì. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ẹjọ́ mi kàn wò mí, ó ní "Anti, ata lẹ̀ ń mu lórí ikùn òfìfo yẹn o."

Kéèkì ni mo ń ṣe tà, mo ní sikéèlì nílé. Ìgbà tára tù mí ni mo padà lọ wo àtẹ yẹn, àṣé 100 gíráàmù ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀! Mo ya odidi ataare kan, mo da ọmọ inú ẹ̀ sórí sikéèlì, kò tó gíráàmù 5. Ẹyọ 7 tàbí 9 tí àwọn àgbà máa ń kà ńkọ́? Sikéèlì ò tiẹ̀ mira. Ẹni tó bá ń wá purotéènì kó lọ jẹ ẹ̀wà jàre.

Ibi tí ataare ti lágbára ni títa tó ń ta yẹn gan-an. Mọ̀lẹ́bí atalẹ̀ ni, gingerol àti shogaol tó wà nínú atalẹ̀ wà nínú tiẹ̀ náà, paradol tún wà ńbẹ̀, àwọn yìí wà lára antioxidant tí wọ́n ń pariwo. Ṣé ẹ mọ epo tí wọ́n ṣí sílẹ̀ tó pẹ́, tí afẹ́fẹ́ bà á jẹ́ tó wá ń rùn? Irú ìbàjẹ́ yẹn ni antioxidant máa ń dènà. Àmọ́ kó ṣiṣẹ́ nínú ìgò láàbù yàtọ̀ sí kó ṣiṣẹ́ nínú ara èèyàn o, torí náà ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá tàbí ti ṣúgà ò gbọdọ̀ tìtorí ataare pa á tì, aboyún náà kó má sọ ọ́ di àgbo.

Ní báyìí, odidi ni mo ń rà, èyí tó gbẹ dáadáa, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lò ó ni mo ń ya á, torí tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tó pẹ́, òórùn ẹ̀ á fò lọ. Ẹyọ ọmọ inú ẹ̀ márùn-ún mẹ́fà, mo gún un, mo dà á sí pẹpẹsúùpù tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Wọ́n ní ataare kì í di tiẹ̀ láàbọ̀, ti inú ike tí mo rà yẹn, mi ò rò pé ààbọ̀ ẹ̀ gan-an jẹ́ ataare. Ó ṣì wà lórí fìríìjì, mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.